Ebè Yáyà àti Ewé Tó Rí Bí Irun

Ẹni tó bá rò pé ìyàwó fífẹ́ rọrùn, kó lọ bi Yáyà ará Manigri. Láyé ìgbà tí àwọn oníṣòwò obì ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gba Bassila kọjá, ó lọ síbẹ̀ tọrọ Assana lọ́wọ́ Alassane, bàbá ọmọbìnrin náà.

"Bàbá, ohun tí mo bá gbìn, dandan ni kó hù!"

Alassane rẹ́rìn-ín, ó da kóró wẹ́wẹ́ sí i lọ́wọ́. Oníṣòwò obì kan ló fún un. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi ewé rẹ̀ sè. "Ewé rẹ̀ rí bí irun. Èmi gbìn ín, kò hù. Bó bá hù fún ọ, mú ọmọ mi lọ. Bí kò bá hù, má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Yáyà sáré délé, ó di ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀. Kí ni ọmọ oníṣu mọ̀ ju ebè lọ? Ó kọ ebè ràgàjì, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sin kóró sísàlẹ̀ bí ẹni sin èbù iṣu, ó sì fi ewé gbígbẹ dé e lórí.

Rafiou ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọjú. "Yáyà, ṣé o gbìn ín ni, àbí o sìnkú rẹ̀?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Bó bá hù, o ò ní fẹnu kàn án."

Kò hù. Òjò rọ̀, kò hù. Yáyà ń kí ebè láàárọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ìgbà tó gbọ́ pé Kassimou ará Pénéssoulou náà ti wá tọrọ Assana, orí rẹ̀ gbóná. Ó gbé ọkọ́, ó bá ebè jà! Ó tú u ká, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó fi ọkọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Àṣé jíjìn tó sin kóró wẹ́wẹ́ náà sí ni kò jẹ́ kó hù! Bí òjò ṣe tún fọ́n sí ilẹ̀ tó tú ká yẹn, irun tútù yọ wọ̀ǹtìwọnti.

"Ó hù! Yéè, ó hù!"

Ìyá rẹ̀ rò pé ejò ni, ó fa igi yọ.

"Ìyá, ẹ má nà án! Ìyàwó mi ni!"

Nígbà tí ewé náà dàgbà, Yáyà gé ìdì kan, ó sá dé Bassila. Alassane wò ó tìfuratìfura. "Ta ló sọ pé òun nìyí?"

Kó tó parí ọ̀rọ̀, Assana ti já a gbà, ó ti wà nínú ọbẹ̀ ẹja. Òórùn gba agbo ilé. Alassane ní òun ò jẹ. Ó tọ́ ọ wò. Ó lá àwo.

"Ó ṣẹ́kù?"

"Ó ti tán, Bàbá," ni Assana wí. "Manigri ló wà. Ẹ ò sì ní fẹ́ kí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí èmi ọmọ yín máa bá yín ká a níbẹ̀, àbí?"

Alassane wo àwo, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Yáyà.

"Kí lẹ tún ń wò mí fún?" ló bá pariwo mọ́ gbogbo ilé. "Ẹ bá Assana di ẹrù rẹ̀!"