Iná Ni Kí Wọ́n Fi Ṣe Tèmi

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, n kò sì ní tàn yín: ẹ̀rù abẹ ń bà mí. Èmi tí mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ fún ìdajì àdúgbò, tí bíléèdì kì í wọ́n lórí tábìlì mi, bí ẹnìkan bá dárúkọ abẹ mọ́ ojú tèmi, màá ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bọ́ awò ojú tí mo fi ń wo òkèèrè sọ nù. Àbúrò ìyàwó mi, tí mo kọ́ níṣẹ́ aránṣọ, tó wá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì gan-an, ti lọ tún ojú tirẹ̀ ṣe nílé ìwòsàn, ó sì ti bọ́ awò. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn bí ọkọ ìyàwó. Àwọn oníbàárà á wo ojú rẹ̀, wọ́n á wo awò mi, wọ́n á bi í pé, "Ṣé bàbá yín nìyẹn?"

"Abẹ ni wọ́n fi ṣe tèmi, ẹ̀gbọ́n," ó wí, ó ń ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tó ra ojú tuntun. "Kí n tó mí, wọ́n ti ṣe tán."

"Abẹ! Ṣé agolo ni ojú ẹ ni? Iná ni kí wọ́n fi ṣe tèmi."

Ọjọ́ yẹn ni mo di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó wá gba ṣòkòtò lọ́wọ́ mi kò ní lọ láì gbọ́ pé abẹ a máa jẹ etí nǹkan jágajàga bíi sísọ́ọ̀sì tó kú, ṣùgbọ́n iná léésà, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tí àwọn dókítà fi ń gé ojú, a máa gé e déédé bí ìlà ṣọ́ọ̀kì. N kò rí ọ̀kan nínú méjèèjì rí. Àìrí kò dí mi lọ́wọ́ àlàyé.

Ohun mìíràn tún wà. Ojú Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Bí oníbàárà bá wọlé, màá bọ́ awò sílẹ̀, màá gbé abẹ́rẹ́ súnmọ́ imú, òwú á wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Mo wá rò ó pé, bí ojú mi bá ń ṣe irú èyí láìsí awò, kí ni mo tún ń gbé awò kiri fún?

Èmi àti ìyàwó mi lọ bá dókítà ojú, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó gbé ẹyinjú oníke kan tó tó orí ọmọ tuntun lé tábìlì. Ó ní awọ kan wà níwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara bíi dígí, àwọn á ṣí i bí ìdérí.

"Ọ̀nà kan, abẹ kékeré ló ń ṣí i. Ọ̀nà kejì, iná léésà. Bó ti wù ká ṣí i, léésà kan náà la fi ń tún abẹ́ rẹ̀ ṣe. Lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, ibì kan náà ni wọ́n sábà ń yọrí sí."

"Kò lè jẹ́ ibì kan náà!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé etí aṣọ fún un. Ìyàwó mi ń wo àjà.

"Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gan-an nìyí, Bàbá. Ní ọjọ́ orí tiyín..."

Bàbá! Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta! N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ìyàwó mi ń mi orí, èmi ń wá èsì tí yóò ta á lára. Nígbà tó bi mí bóyá ó yé mi, mo ní, "Ó yé mi. Iná."

Wọ́n fi iná ṣe é. Kò dùn mí rárá. Mo kígbe lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ oògùn ni wọ́n ṣì ń kán sí i nígbà náà. Nígbà tó yá, mo rí ewé lórí igi ní kọ̀ọ̀kan. Mo rí eruku lórí pátákó ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyàwó mi, mo sì ké sí i láti ẹnu ọ̀nà mi pé kó lọ nù ún.

Ìgbà náà ni ìyá kan, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, gbé aṣọ funfun báláú wọlé, pẹ̀lú àpò ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó fẹ́ kí a fọwọ́ rán mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú iṣẹ́ tí aránṣọ ń gbàdúrà fún ni.

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè rán an bíi tiyín, Ojú Abẹ́rẹ́."

Mo dìde. Mo gbé abẹ́rẹ́ súnmọ́ imú. Abẹ́rẹ́ di kùrukùru. Mo fi òwú gún àtàǹpàkò, mo fi gún afẹ́fẹ́. "Iná ṣọ́ọ̀bù yìí ni kò mọ́lẹ̀," mo wí, lọ́sàn-án gangan. Mo na ọwọ́ síwájú títí apá mi fi tán.

Ìyàwó mi sún mọ́ mi. "Olówó orí mi, dókítà sọ ọ́ fún yín. Ó ní ojú tí kì í rí òkèèrè yẹn náà ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìtòsí láìsí awò. Ó ní ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, bí wọ́n bá tún ti òkèèrè ṣe, yóò máa fi awò wo ti ìtòsí, ì báà ṣe abẹ, ì báà ṣe iná. Ẹ ní ó yé yín."

"Àbúrò ẹ ńkọ́?"

"Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni."

Ìyá yẹn ká aṣọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní òun ń bọ̀.

Aṣọ náà wà lára ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ ní òdìkejì títì báyìí. Láti orí àga mi, mo ń rí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀.