Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Okun

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta oògùn inú ìgò, èyí tí wọ́n ní ó ń fún ara lókun. Nítorí ọjà yìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyá Okun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, ó sì ní àga kan tó gbé kalẹ̀ fún oníbàárà tó bá fẹ́ sọ tinú rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ fún wọn kì í yí padà. Á ní àwọn sójà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà, pé àárẹ̀ ló ń mú àwọn sójà náà tí ara fi ń ro èèyàn, àti pé ìgò òun ló ń ta wọ́n jí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ìdajì rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ẹni tó bá ní òun ó dá ẹni láṣọ, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ìyá Okun mọ èyí, òun náà kì í sì í jẹ́ kí ìgò wọ́n òun láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí kò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́ tó bá jí, ńṣe ló fi kún iye tó ń mu. Irun rẹ̀ ń já, ó tún fi kún un. Pupa kan yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gba orí imú kọjá bí ẹni pé labalábá bà lé e lójú. Ó ní oòrùn ló fà á, ó sì fi kún un.

Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ó ń wò ó títí di ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wú tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó wá sọ pé bí fíríìjì bá kọ̀ tí kò tutù, òun kì í kàn máa fi gáàsì kún un láìyẹ ìdí rẹ̀ wò. Ìyá Okun bínú pé wọ́n fi òun wé fíríìjì, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù.

Obìnrin ni dókítà tó gbà wọ́n, Ìyá Okun sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Ìyá Okun sọ fún un pé àárẹ̀ ló mú àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ òun. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀, ó gba ìtọ̀, ó ní kí wọ́n padà wá. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn.

"Ẹ má bínú, mà. Kò rẹ àwọn sójà ara yín rárá. Wọ́n ti le jù ni. Wọn ò mọ ará ilé yàtọ̀ sí ọ̀tá mọ́. Oríkèé yín ni wọ́n ń bá jà, wọ́n sì ti dé kíndìnrín."

Ó ní lúpọ́ọ̀sì lorúkọ àìsàn náà. Kì í ràn, kì í sì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ṣeé pẹ̀tù sí. Ó fún un ní oògùn kan tó máa tètè mú àwọn sójà náà jókòó, àti òmíràn tó máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ bí ara bá tilẹ̀ yá, àti pé bí ibà bá mú un kó tètè wá, nítorí sójà tí wọ́n ti ní kó jókòó lè má tètè dìde bí olè gidi bá wọlé. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá ó ń lo nǹkan mìíràn. Ìyá Okun wúkọ́. Ọkọ rẹ̀ ló fa ìgò kan yọ látinú àpò rẹ̀.

Dókítà ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Kò rẹ́rìn-ín, èyí ló sì dun Ìyá Okun jù. Ó ní òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe ohun tí wọ́n kọ sí i lára lóòótọ́, a jẹ́ pé Ìyá Okun gan-an ni ẹni tí kò yẹ kó fẹnu kàn án.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ nà, labalábá ojú rẹ̀ pòórá. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Oògùn tó ń yára ṣiṣẹ́ yẹn máa ń mú ebi pani, ó sì máa ń mú kí ojú kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Okun yọ róbótó bíi tọmọ ọwọ́. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n ní iṣẹ́ ìgò nìyẹn. Àwọn oníbàárà tó ti jáwọ́ nínú ìgò padà wá, ọjà sì ń tán kó tó di ọ̀sán. Ìyá Okun la ẹnu láti ṣàlàyé, ó tún pa á dé. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun kàn ò já lu ọ̀rọ̀ wọn ni.

Ó ṣe, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiẹ̀ wọlé wá. Ó ní ìka òun ti wú, òun ò lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ṣí gèlè sẹ́yìn, labalábá náà nìyẹn lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ̀yin gan-an ń mu ni kẹ́ ẹ tà fún mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wù mí."

Ìyá Okun pa ilẹ̀kùn dé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́: ọsibítù, sójà, kíndìnrín, oògùn. Aránṣọ gbọ́ ọ dé òpin.

"Bẹ́ ò bá fẹ́ tà á fún mi, ẹ sọ. Ẹ má torí ìgò pe àìsàn mọ́ ara yín."

Ó dìde pé òun ó wá ẹlòmíràn tó ń tà á. Ìyá Okun rí i pé òótọ́ ti kùnà. Ó bá mú ẹnu òǹtajà jáde.

"Jókòó. Irú èyí tí mò ń mu ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ dókítà kan ló wà, kì í sì í fún ẹnikẹ́ni láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

Ojú aránṣọ tàn. Ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń fi pamọ́. Wọ́n jọ lọ. Àìsàn kan náà ni, ṣùgbọ́n kò tíì dé kíndìnrín. Nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sójà, aránṣọ ń mi orí, ó ní òun ti gbọ́ gbogbo ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n òun. Ó gba oògùn rẹ̀, ó ń lò ó, ó sì ti ń ránṣọ padà.

Ìyá Okun kò ta ìgò mọ́. Akẹtẹ̀ àti agboòrùn ló ń tà báyìí, torí dókítà ní oòrùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ní àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n aránṣọ ti tan ìròyìn ká àdúgbò pé ojúlówó ọjà Ìyá Okun wà ní ọsibítù. Àwọn kan ti lọ tò síbẹ̀, wọ́n ń bèèrè oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ń sọ fún wọn pé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, wọ́n sì ń fi ìbínú lọ sílé.