Ìwé Tí Sèlíátù Kò Fọwọ́ Sí

"Fọwọ́ sí i, kó o máa lọ sílé lọ sinmi. Kí ló tún le níbẹ̀?"

Akọ̀wé N'Dri ti ti gègé bọ inú tàdáwà, ó nà án sí Sèlíátù. Sèlíátù kò gbà á. Ìwé tó wà lórí tábìlì ló tẹjú mọ́, ètè rẹ̀ ń mì bó ti ń ka Faransé tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ nílé ìwé. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè. Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni pé òun fúnra òun, láìsí ẹni tó fipá mú òun, ni òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Mùsíọ̀, mi ò sọ pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kọnjé, ìsinmi ìbímọ, ni mo béèrè. Mo fẹ́ bímọ, kí n sì padà wá."

"Kọnjé wo? Èyí tó lóyún ṣáájú rẹ ńkọ́, ṣebí ó fọwọ́ sí tirẹ̀? Ẹ̀yin Anago yìí, ẹ kì í gbọ́ràn." N'Dri rẹ ohùn sílẹ̀. "Màdáàmù ọ̀gá wa ní òun gbọ́dọ̀ rí i lórí tábìlì òun lówùúrọ̀ ọ̀la."

Sèlíátù ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún 1953 ni, ní Bouaké, ìlú kan lábẹ́ ìjọba Faransé. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan lọ́nà N'Gattakro. Òun ló ń wẹ egbò, òun náà ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn fún dókítà: Dioula fún àwọn ará ọjà, Baoulé fún àwọn tó ti oko wá, Yorùbá fún àwọn èèyàn tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Anago níbẹ̀. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, kò sì ṣeé fi pamọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́nà rárá. Ó di ẹsẹ̀ bàbá kan tán kó tó rántí pé òun kò fi oògùn sí i. Ó tún tú u. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, kò lè dúró dìgbà tí yóò délé. Ìsọ̀ aṣọ Yísà, ọkọ rẹ̀, ló gbà lọ tààrà.

"Fọwọ́ sí i jàre," ni Yísà wí nígbà tó gbọ́ tán. "Àlejò ni wá níbí. Àlejò kì í bá ìjọba fa wàhálà."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní òfin tuntun ti jáde? Pé aboyún yóò sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, wọn ò sì gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ lé e?"

"Mo gbọ́ ni, mi ò kà á. Bó bá ṣe pé àwọn ará kọ́ńpìnnì nìkan ló wà fún ńkọ́?"

Ohun tó ń jẹ Sèlíátù náà lọ́kàn nìyẹn, torí iṣẹ́ ìjọba ni tirẹ̀.

Nígbà tó délé, kò lè jókòó. Ó gbálẹ̀ tó ti mọ́, ó jókòó, ó tún dìde. Àtọ́kẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ń wò ó.

"Ìyàwó, ẹsẹ̀ rẹ á wú o. Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé ọ̀hún gan-an?"

Sèlíátù tú u sí Yorùbá fún un, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ lo fẹ́ lọ?"

"Rárá, Ìyá."

"Irọ́ ni wọ́n kọ nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ọ, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn lé ọ. Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ fi ẹnu tìrẹ sọ ọ́?"

Yísà ti dé, ó ń ṣe àlùwàlá mọ̀ǹgàríbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tán, ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀.

"Bó o bá máa kọ tìrẹ," ó wí, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀, "méjì ni kó o kọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan, kó o mú un dání fún ẹ̀rí."

Lówùúrọ̀, Sèlíátù kó ìwé mẹ́ta síwájú N'Dri.

"Èyí tí ẹ fún mi rèé, mi ò fọwọ́ sí i. Àwọn méjì yìí ni tèmi. Kọnjé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni mo béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lu òǹtẹ̀ sí èkejì fún mi."

N'Dri kà á títí dópin. "Màdáàmù máa bínú."

"Kí wọ́n bínú sí mi, Mùsíọ̀. Ẹ̀yin ṣáà ti gbà á lọ́wọ́ mi."

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀. Ó mú òǹtẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un. Ó wá lù ú mọ́ ìwé èkejì gbà.

"Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ o."

"Èmi náà ò mọ̀," ni Sèlíátù wí, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí òǹtẹ̀ náà kó lè tètè gbẹ.