Àwọn Ọmọ Orí Itan

“Má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn ṣí!” Mo ń pariwo sínú fóònù. “Báyọ̀, so ó padà!”

Báyọ̀ ni akọ̀wé wa ní èbúté Igbókòdá. Ọkọ̀ tó ń lọ Awóyè ti tan ẹ́ńjìnnì níwájú rẹ̀.

“Bàbá, wọ́n ti wọ ẹ̀wù ìléfòó o. Méjìlá ni kọ̀ǹpútà yín ní kí n kó fún wọn, méjìlá ni mo kó.”

“Fi ojú ara rẹ ka orí wọn.”

Mo gbọ́ tó ń kà wọ́n.

“Mẹ́tàdínlógún. Ọmọ márùn-ún wà lórí itan ìyá wọn.”

“Wá ẹ̀wù márùn-ún sí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò lọ.”

Ìyá kan ló pè mí láti Awóyè láàárọ̀. Ó ní ìgbì gbá ọkọ̀ àwọn lánàá, ọmọ òun ò sì ní ẹ̀wù lọ́rùn.

Mo yíjú sí Godwin. Òun ló kọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà wa fi ń ka èrò ọkọ̀.

“Ẹni tí kò sanwó ni kò sí nínú iye, Bàbá. Bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń kà á nìyẹn. Ọmọ orí itan kì í sanwó.”

“Ṣé omi máa ń gba owó ọkọ̀ kó tó gbé èèyàn lọ ni?”



Òfin kan ni mo kọ sára ògiri ọ́fíìsì wa: iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà èbúté láìjẹ́ pé ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀.

Mo fọwọ́ lu tábìlì. “Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Olúwarẹ̀ ò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ kankan níbí mọ́!”

Godwin ń wo ilẹ̀. Rhoda, tí òun náà ń kọ kóòdù pẹ̀lú wa, yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀.

Mo rántí. Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Godwin pè mí. “Ìlà mẹ́ta péré ni, Bàbá. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò.” Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. N ò wo ìlà kan.

“Mo rí i lọ́jọ́ Ajé pé àwọn ọmọdé ò sí nínú iye èrò,” Rhoda sọ.

“O rí i, o sì panu mọ́?”

“Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Ṣé orúkọ mi lè mú ọmọ léfòó ni? Kí ló dé tí o ò wá bá mi?”

“Lóṣù tó kọjá, mo bi yín léèrè ìlà kan nínú iṣẹ́ yín. Ẹ ní ta ló bí mi.”

Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo jókòó. Ìbínú mi ò tíì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí màá pariwo mọ́.

Godwin tún iṣẹ́ náà kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rhoda dá a padà kó tó gbà á. Mo yọ orúkọ Godwin kúrò lára àwọn tó lè fọwọ́ sí iṣẹ́. Mo yọ tèmi náà.

Ó ku orúkọ Rhoda.