Fọ́tò Tí Dúró-ná Kò Yà

Dúró-ná ni gbogbo ẹbí ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Kó tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò, á máa sọ pé "Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná" títí ẹ̀rín á fi gbẹ lẹ́nu onítọ̀hún. Fíríìjì ló ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni ọkàn rẹ̀ wà. Kì í sì í ṣe kámẹ́rà inú fóònù o. Tirẹ̀ rí bí àpótí, ó wúwo bí bíríkì, ìsàlẹ̀ àyà ni wọ́n ń gbé e sí, ẹni tó ń fi í yàwòrán sì gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó rí ohun tó ń yà nínú dígí orí rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn kámẹ́rà kéékèèké lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè rí ewé igi lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òkè tó jìnnà réré. Ṣùgbọ́n àwòrán méjìlá péré ni rólù kan ń gbà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn kámẹ́rà náà nítorí títẹríba yẹn.

"Àwọn onífóònù a máa nawọ́ síni lójú bí ẹni tó fẹ́ lé adìẹ," ló máa ń wí. "Ọmọ tèmi á kọ́kọ́ tẹrí ba fún mi ná."

Ní ọjọ́ kan, ìyá náà pè é. "Wá yà mí ní fọ́tò. Èyí tó dáa o, tó ṣeé gbé kọ́ ògiri."

"Màmá, kí ló dé lójijì?"

"Ó dìgbà tí nǹkan bá dé? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun ni."

Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí wọ́n fi àdéhùn sí, Dúró-ná sì mọ̀ pé ìkùukùu á bo adágún tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀. Ló bá gbé ìyá rẹ̀ sọ́kọ̀, ó ní etí omi ni fọ́tò rẹ̀ á ti dùn jù. Ìyá wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù tó fẹ́ràn, irun orí rẹ̀ ń dán, ìlà tó wà láàárín rẹ̀ sì tọ́ bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, omi kò yàtọ̀ sí wàrà. Ọkọ̀ apẹja kan ṣoṣo dúró láàárín rẹ̀, òkè òdìkejì sì ń yọrí díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ dúró ná nínú mọ́tò, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n ya eléyìí kó tó pòórá."

Ó yà á lẹ́ẹ̀kan. Oòrùn yọjú, ó tún un yà. Ìkùukùu pín sí méjì, apẹja na àwọ̀n rẹ̀. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní yà á? Inú Dúró-ná ń dùn bíi tọmọdé. Ìgbà tó yí ọwọ́ kámẹ́rà tó rí i pé ó ń yí lófìfo ló tó mọ̀ pé fíìmù ti tán. Ó fọwọ́ bọ àpò, kò bá rólù míì. Orí tábìlì nílé ló gbàgbé wọn sí.

Nígbà tó yíjú pa dà, ìyá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wá ibi tó tẹ́jú létí omi, ó sì ń fọwọ́ na aṣọ rẹ̀.

"Ṣé ó wá kàn mí wàyí?"

Báwo ni Dúró-ná ṣe fẹ́ sọ fún un pé omi ti gba gbogbo fíìmù tán? Ó tẹrí ba. Ó ní "Ẹ dúró ná." Ó tẹ bọ́tìnì, kámẹ́rà dún gbàgà, ìyá rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín sí òfìfo. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i kó má baà fura. Ó ní lọ́kàn pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òun á ní fọ́tò náà bàjẹ́, òun á sì tún un yà.

Ṣùgbọ́n ooru mú, fíríìjì ń bàjẹ́ káàkiri, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò sì yé di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àfi ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ láago.

"Màmá ti ń gba oògùn jẹjẹrẹ. Ara wọn gbà á, ṣùgbọ́n gbogbo irun wọn ti já."

"Kí lẹ wí? Ìgbà wo ni wọ́n mọ̀?"

"Kí o tó yà wọ́n ní fọ́tò ni. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ, kójú ẹ má baà fà ro níbi tó o ti ń yà wọ́n. Jọ̀ọ́, gbé fọ́tò yẹn wá. Òun ni wọ́n ń bèèrè."

Ara Dúró-ná tutù ju fíríìjì tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó bá a lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fìlà òtútù bò ó dé ìpéǹpéjú.

"Fọ́tò mi ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì ń fọ̀ ọ́, Màmá."

Irọ́ ti bí irọ́. Ìyá wá ń fi fọ́tò yánga fáwọn tó ń wá kí i: "Ẹ má wo orí yìí o, ẹ ń bọ̀ wá rí mi lára ògiri." Yánga yẹn ń gún Dúró-ná bí abẹ́rẹ́. Ó tiẹ̀ ń gbé fíìmù adágún náà síwájú iná, ó ń wò ó láwòtúnwò, bí ẹni pé ẹ̀bẹ̀ lè mú ìyá rẹ̀ yọ jáde níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. "Màmá, kò sí fọ́tò. Fíìmù ti tán kó tó kàn yín. Ojú ló tì mí, mo kàn ń tẹ bọ́tìnì ni."

"Mo rò pé ojú mi lò ń wò," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà yín báyìí."

"Orí yìí kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ máa wò. Dìde, máa lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i. Ó ní kó gbé ohun tó gba ipò òun wá kí òun náà rí i. Dúró-ná tẹ àwòrán adágún náà jáde, ó sì gbé e fún un. Ìyá wo apẹja, ó wo omi, ó wo ìmọ́lẹ̀ orí òkè.

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa gan-an ni. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn."

Ìgbà tí oògùn parí, tí irun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí òwú lórí rẹ̀, ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá. Kó tó jókòó, ó na ọwọ́.

"Jẹ́ kí n rí fíìmù náà."

Ó fọwọ́ kàn án, ó wo bí Dúró-ná ṣe kì í bọnú kámẹ́rà. Ìyá jókòó fún gbogbo rólù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Nínú dígí, Dúró-ná ń rí gbogbo ìlà ojú tí kò fara balẹ̀ wò rí, omijé sì ń kán sórí ohun tó yẹ kó máa wò.

Ara ògiri ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn wà báyìí. Àlejò a máa yìn ín, wọ́n a ní, "Dúró-ná, ọwọ́ ẹ ò ní hunjọ!" Ìyá ló máa ń dá wọn lóhùn.

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì lèyí o, adágún ló gba ti àkọ́kọ́," á wí, á sì bojú wo ìta.