Apá Ògiri

Ìyá Ìdá wọ kíláàsì bí ẹni tó fẹ́ bá gbogbo ilé jà. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sí ohun tí obìnrin náà kò lè pín sí ìdá: búrẹ́dì, ọ̀sẹ̀, títí kan sùúrù tó kù lára rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti ń kọ́ ìṣirò. Láti ọdún mẹ́sàn-án, òun ni wọ́n ń fa kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ́kọ́ wá palẹ̀ òkú rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ yìí, ẹnì kan jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú bébà lórí itan. Tísà Sáyẹ́ǹsì ni. Ìyá Ìdá ló kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tí ikun imú rẹ̀ ṣì ń já bọ́ sórí ìwé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ìwé wọn nìyẹn: ní sáà kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ kan á wá wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ni, àwọn ọmọ náà á kọ tinú wọn sínú bébà pélébé láìfi orúkọ sí i. Kí aago ìparí tó lù, gbogbo rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì ọ̀gá àgbà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń já Ìyá Ìdá láyà. Etí òsì rẹ̀ ti ń kú lọ láti bí ọdún méjì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún ọkọ rẹ̀, tó ti gbà pé ìyàwó òun kàn ń bínú láti ìgbà náà ni. Ta ni kó sọ fún? Lọ́dún tó kọjá, tísà Ìtàn jẹ́wọ́ pé ojú òun ń ṣe bàìbàì. Wọ́n kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n ní kó máa lọ ṣọ́ yàrá ìwé. Ibẹ̀ ló wà dòní, ó ń gbọn eruku.

"Ọgọ́rin ọsàn! Mo pín in sọ́nà mẹ́rin, mo kó mẹ́ta níbẹ̀. Mélòó ló wà lọ́wọ́ mi?"

Ọwọ́ nà sókè. Apá fèrèsé wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, apá ògiri wà lọ́wọ́ òsì. Ó nàka sí apá fèrèsé.

"Ọgọ́ta, mà!"

"Orí ẹ pé!"

Báírò ẹni ẹ̀yìn ń sáré. Ara Ìyá Ìdá ò gbà á.

"Ìwọ yìí, ṣé ogún lò ń pín ni, tó o fi ń kọ̀wé báyìí?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ yín ni mò ń wò, mà," ni Tísà Sáyẹ́ǹsì wí.

Ó kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó ń kọ. Nígbà tó yíjú padà, ọmọbìnrin kan ti dìde dúró lápá ògiri, gbogbo orí sì ti yí sí i. Ìyá Ìdá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọmọ náà ti sọ̀rọ̀. Kí ló sọ?

"O káre," ni Ìyá Ìdá wí. "Jókòó."

Àwọn ọmọ ń wojú ara wọn. Báírò ẹ̀yìn dúró.

Ní yàrá àwọn tísà, àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago lù. Tísà Sáyẹ́ǹsì tẹ́ bébà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti ya àwòrán àwọn àga, ó sì fi àmì síbi tí gbogbo ọmọ tí wọ́n pè jókòó sí. Apá fèrèsé dúdú fún àmì. Apá ògiri mọ́ bí àwo tí wọ́n lá.

"Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún lẹ pe ọmọ, mà. Ẹ ò pe ẹnì kankan níbí."

"Ọmọ yẹn ńkọ́? Mo ní ó káre."

"Ohun tó sọ ni pé ẹ kọ mẹ́jọ síbi tí mẹ́ta yẹ kó wà. Mẹ́jọ yẹn ṣì wà lójú bọ́ọ̀dù."

Ìyá Ìdá dìde fùú. "Wàá gbé mi lọ bá tísà Ìtàn nínú eruku, àbí? Èmi tí mo nu imú ẹ!"

"Mi ò kọ nǹkan kan nípa etí, mà."

"Ta ló dárúkọ etí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wolẹ̀. "Bí ìyá mi náà ṣe máa ń yí orí nìyẹn láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti di." Ó mú bébà náà lọ́wọ́. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mà, màá ya á. Màá kọ òmíràn."

Ó wu Ìyá Ìdá kó ní kó ya á. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bébà pélébé àwọn ọmọ wà níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. *Mi ò nawọ́ mọ́, kò sí ìlò.* *Ṣé torí pé a ò gbọ́n ni?* *Màmá kò fẹ́ràn àwa apá ògiri.*

Ó ka èyí tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n pe òun ní adití, ó burú. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kíláàsì òun rò pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀!

"Mú báírò yẹn wá."

Nísàlẹ̀ bébà náà, níbi tí olùkọ́ ti máa ń kọ ohun tó rí nípa ara rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Etí òsì mi kò gbọ́ mọ́. Mo fi pa mọ́, àwọn ọmọ ló jìyà rẹ̀.* Ó padà sí kíláàsì, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ó wọ́ tábìlì rẹ̀ lọ sí igun ògiri, kí gbogbo wọn lè wà lápá etí tó ṣì yè. Ó ní kí ọmọbìnrin náà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó pa mẹ́jọ rẹ́, ó kọ mẹ́ta.

Aago ń lù bó ṣe wọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá àgbà ka bébà náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí ènìyàn pẹ̀lẹ́.

"Ẹ dúró ná, ọ̀gá," ni Ìyá Ìdá wí. "Apá òsì mi lẹ wà. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ mi, ẹ bọ́ sápá ọ̀tún kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ yékéyéké, kí n lè fún yín lésì tó bá a mu."

Ọ̀gá àgbà dìde, ó fa àga rẹ̀ yí tábìlì ká, ó sì jókòó sápá ọ̀tún.

"Ìyá Ìdá," ló wí, "àga mélòó lẹ fẹ́ kí n ní kí wọ́n bá yín tún tò ní kíláàsì yẹn?"