Irun Orí Bùọ̀dá Láníyọnu

Ẹ má tíì bi mí ohun tó ṣe orí mi. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní ná.

Àga mi yìí ló gbé mi fò, ó di orí òkun. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ká mi lára ni pé mi ò wọ bàtà, òtútù sì ń mú mi lẹ́sẹ̀. Fìlà Bùọ̀dá Láníyọnu wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ pé irun orí rẹ̀ ni mò ń lọ gbà.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi. Nígbà ogun Jámánì, ìdí bàálù tó ń ju bọ́ǹbù ni wọ́n fi í sí tòun tìbọn, á kọ ẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ń lọ. Inú òkun ni bàálù náà já sí. Nílé wa, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú wálé wá sin. Ti Bùọ̀dá kò wá. Fìlà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ìyá wa gbọn fìlà yẹn títí, kò rí irun kan ṣoṣo. Látìgbà náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yìí, ó ní ọmọ òun ò tíì wọlé. Ìgbà tó ń kú lọ, èmi ló fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò ti fi ibẹ̀ ṣe ọ̀nà, ẹ sì ń bá mi jà, mi ò gbà.

Àga wá bà sí ọ́fíìsì kan tó léfòó lójú omi. Tábìlì ibẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, màmá. Ẹ nu ẹsẹ̀ yín." Mo nù ún. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù ní, "Ta lẹ wá gbà?"

Mo ní, "Mi ò bèèrè òun fúnra rẹ̀ mọ́, sà. Irun rẹ̀ ni."

"Ibí kọ́ ni wọ́n ti ń gba irun."

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni ìwo ti yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n yọ, ó di òbúkọ nínú kóòtù. Ó fa fìlà gbà lọ́wọ́ mi, ó ń jẹ ẹ́.

Mo ní, "Ẹ rọra o, sà. Irin wà níwájú fìlà yẹn."

Ó ní, "Mo ti rí i. Ẹ ṣeun."

Tábìlì ṣàánú mi, ó ṣí àpótí inú rẹ̀ fún mi. Mo wọ ibẹ̀, ni mo bá bọ́ sí ìdí bàálù. Bùọ̀dá jókòó síbẹ̀. Ọmọdé ni. Ìṣọ̀lá ọmọ-ọmọ mi yìí dàgbà jù ú lọ.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "o mà ti darúgbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùọ̀dá. Ẹ kú ìjókòó."

"Ṣé ìyá wa wà?"

"Wọn ò sí mọ́."

Ó tún kọjú síta. Mo bi í pé kí ló ń wò.

"Ọ̀nà ilé ni. Àwọn yòókù ń wo iwájú. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n máa wo ẹ̀yìn."

Mo sunkún níbẹ̀. Irun rẹ̀ kún bí igbó, kò sẹ́ni tó bá a gé e. Mo ní kó tẹrí ba, ó sì tẹrí ba fún èmi àbúrò rẹ̀. Mo kàn rí àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi, àmọ́ ó ní òun kì í ṣiṣẹ́ lórí omi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ni mo bá jí.

Mo jí, àlùmọ́gàjí ṣì ń dún. Onígbàjámọ̀ ló wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń gé irun Ìṣọ̀lá. Ewúrẹ́ kan ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó dúró, ó ń wò wọ́n. Mo la ọwọ́ mi wò. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mo tú gèlè mi, mo ní kí Ìṣọ̀lá dìde fún mi. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó ní, "Màmá àgbà, wọn kì í sin irun alààyè." Mo ní mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ikùn kan náà ló gbé èmi àti Bùọ̀dá, kò sì sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tó ti ibẹ̀ wá. Ẹni tó ti dàgbà tó mi, kí ló tún kù tó fẹ́ máa bẹ̀rù?

Irun mi àti èékánná mi ló wà nínú aṣọ funfun yìí. Ẹ bá mi gbẹ́lẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Tó bá wá di alẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.